Nígbà tí Ojú bá ń Dunni, tí A Kò sì Mọ Ohun tó Ń Ṣe É

  

Ọ̀rọ̀ ojú ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ojú tí a fi ń mọ ayédèrú náírà yàtọ̀ sí gidi ni a ní lọ́kàn, ojú tí a fi ń ka òṣùwọ̀n, tí a fi ń dá oníbàárà mọ̀ láti òkèèrè kí ẹlòmíràn tó pè é. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ọlọ́jà, á jókòó tà. Bí ojú bá lọ, ìsọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé nìyẹn.

Ohun tó mú wa sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wa. Ó gbà wá láyè kí a kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí a má dárúkọ òun, kí a má sì sọ ohun tí òun ń tà. Obìnrin náà ti lé ní 50 ọdún, ó sì máa ń tajà wọ alẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí òun bá wo gílóòbù iná, òun máa ń rí òṣùmàrè tó yí iná náà ká. Ojú òsì á máa ro ó, orí á máa fọ́ ọ lápá ibẹ̀, bàìbàì á sì bo ojú náà. Bó bá ti lọ sùn, tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti lọ. Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ lọ́sàn-án kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó wá ìdáhùn káàkiri. Wọ́n ta oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì. Òmíràn ta oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Ó ra gíláàsì lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri. Ẹnì kan ní àwọn ayé ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pé òṣùmàrè kì í ṣàdédé yọ síni lójú. Ó gbààwẹ̀, ó náwó, oṣù sì ń gorí oṣù. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kàtá mú un, ó lo oògùn kàtá. Ó di òru, ojú òsì náà pọ́n koko, ó ń dùn ún bí ẹni pé wọ́n ń fi nǹkan gún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ilé ìwòsàn tí wọ́n sáré gbé e lọ gbájú mọ́ inú rẹ̀ tó ń bì, wọ́n fún un ní oògùn ibà. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni nọ́ọ̀sì kan wo ojú rẹ̀, tó sì ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Dókítà ojú fọwọ́ kan ẹyinjú náà láti orí ìpéǹpéjú, ó le bí òkúta. Wọ́n rí i tọ́jú, wọ́n sì fi iná lésà ṣe ojú méjèèjì. Ojú ọ̀tún rẹ̀ yè pátápátá. Ti òsì kò bọ̀ sípò tán. Ó ń rí ìdajì pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó sọ fún wa ni pé òṣùmàrè yẹn ti ń kìlọ̀ fún òun láti ọjọ́ yìí wá, òun ni òun kò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. A kì í ṣe dókítà, a kò sì kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè máa tọ́jú ara rẹ̀. A kọ ọ́ kí a lè mọ èyí tó lè dúró àti èyí tí kò lè dúró.

BÍ OJÚ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹyinjú bíi yàrá kékeré kan. Níwájú rẹ̀, awọ kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì wà, òun ni fèrèsé. Lẹ́yìn fèrèsé yìí ni awọ dúdú wà, tó ní ihò láàárín. Ihò yẹn ni ọmọlójú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ọmọlójú á sún kì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á fẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́ńsì wà, èyí tó ń jẹ́ kí ohun tí a ń wò hàn ketekete. Lẹ́yìn pátápátá ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń gba àwòrán, bíi fíìmù inú kámẹ́rà àtijọ́. Okùn iṣan kan ló ń gbé àwòrán náà lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ ló sì ń sọ fún wa pé tòmátò rèé, ata rèé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ojú ń gba àwòrán, ọpọlọ ló ń ríran. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ojú ló ti inú ojú wá.

Omi kan tún wà nínú yàrá yìí. Kì í ṣe omijé o. Omi yìí ń sun nínú ojú tọ̀sán-tòru, ó sì ní gọ́tà tó ń gbà jáde ní igun tí awọ dúdú àti fèrèsé ti pàdé. Bí omi tó ń wọlé bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ń jáde, agbára omi inú ojú á wà níwọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń wà láàárín 10 sí 21 lórí ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń wọ̀n ọ́n. Bí gọ́tà bá dí, omi á kún, á sì máa tẹ okùn iṣan tó ń gbé àwòrán lọ. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, okùn náà á máa kú díẹ̀díẹ̀. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní glaucoma. Ìríran tí ó bá ti gbà kì í padà. Èyí tó kù ni oògùn, lésà tàbí iṣẹ́ abẹ lè bá ni dáàbò bò.

Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà wá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa aláwọ̀ dúdú kì í dunni rárá. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni yóò ti máa jẹ ẹ́ bọ̀ wá sí àárín, bí olè tó ń kó ẹrù láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹni náà á ṣì máa ka owó, títí ọjọ́ tó fi máa rí i pé òun ń kọlu ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì ni èyí tó mú ẹlẹgbẹ́ wa: gọ́tà náà dí lójijì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ alẹ́ ni? Nínú òkùnkùn ni ọmọlójú máa ń fẹ̀, awọ dúdú náà á sì ká jọ dí ẹnu gọ́tà, pàápàá lójú ẹni tí igun ibẹ̀ há láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló fa òṣùmàrè? Omi tó kún ló jẹ́ kí fèrèsé ojú rin, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á sì pín sí àwọ̀ oríṣiríṣi, gẹ́gẹ́ bí oòrùn ti ń ṣe nínú òjò. Kí ló dé tí oorun fi ń lé e lọ? Bí a bá sùn, ọmọlójú á sún kì, gọ́tà á sì là. Oògùn kàtá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ohun tó ń mú ọmọlójú fẹ̀. Ẹ wá rí i, kò sí ọwọ́ ayé kankan níbẹ̀. Ihò tóótòòtó tí lésà dá sí awọ dúdú náà ló fún omi lọ́nà mìíràn. Wọ́n sì ṣe ojú kejì pẹ̀lú, nítorí pé bí igun ọ̀kan bá há, ti ìkejì náà sábà máa ń há.

ÀWỌN ÀMÌ ÀTI OHUN TÍ WỌ́N LÈ JẸ́

Òṣùmàrè tó yí iná ká. A ti sọ ti glaucoma. Ẹni tí lẹ́ńsì ojú rẹ̀ ti ń ṣú náà lè rí i, èyí tí wọ́n ń pè ní cataract. Ti cataract kì í dunni. Ó máa ń dà bí ẹni pé kùrukùru bo ojú, oòrùn àti iná mọ́tò á sì máa ṣú ni lójú. Iṣẹ́ abẹ ló ń wò ó: wọ́n á yọ lẹ́ńsì tó ti ṣú, wọ́n á fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n bí òṣùmàrè bá ti bá ìrora àti orí fífọ́ rìn, ẹ má dúró.

Ohun dúdú tó ń fò bí eṣinṣin tàbí bí okùn àlàǹtakùn. Bí a ti ń dàgbà, ohun tó ki bí ọ̀gì tó kún inú ẹyinjú máa ń sún kì, òjìji rẹ̀ ni a sì ń rí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò léwu. Àmọ́ bí wọ́n bá ṣàdédé pọ̀ bí òjò, tí ìmọ́lẹ̀ ń kọ mànà bíi mànàmáná ní ẹ̀gbẹ́ ojú, tàbí tó dà bí ẹni pé wọ́n ń ta aṣọ dúdú bo ojú láti ẹ̀gbẹ́ kan, awọ tó ń gba àwòrán lè ti fẹ́ ya tàbí kó ti ń ṣí. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a lọ. Bí wọ́n bá tètè bá a, wọ́n lè tún un lẹ̀.

Ìlà kọ́rọkọ̀rọ tó ń tàn yinrinyinrin. Ó máa bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, á máa fẹ̀, á ṣe bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú, kì í sì í sábà ju wákàtí kan lọ. Orí líle tó ń fọ́ lápá kan sábà máa ń tẹ̀ lé e, èyí tí àwọn kan nínú wa ń pè ní túúlu. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn orí kì í fọ́ rárá. Ọ̀nà tí a fi lè dá a mọ̀ ni pé kí a fi ọwọ́ bo ojú kan, ká tún bo ìkejì. Bí ìlà náà bá wà nínú méjèèjì, ọpọlọ ló ti wá, kì í ṣe ẹyinjú. Àìsùn, àìjẹun lásìkò, oòrùn gangan àti ìrònú máa ń fà á, ọ̀kan wo ni kò sí lọ́jà níbẹ̀? Síbẹ̀, ẹni tó bá ti lé ní 50 ọdún tó jẹ́ pé àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, kí ó jẹ́ kí dókítà gbọ́.

Ojú kan tó ṣú pátápátá bí ẹni pa iná, tó tún là lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má dúpẹ́ kí ẹ sì padà sí ìsọ̀ o. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìkìlọ̀ àrùn rọpárọsẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà.

Ojú tó ṣe bàìbàì lónìí, tó mọ́ lọ́la, tó tún ṣe bàìbàì lọ́túnla. Ẹ lọ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, lẹ́ńsì ojú á máa wú, á máa fọn. Ẹni tó bá ti ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn ojú òun lọ́dọọdún, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ láì pariwo.

Kíkàwé tó nira lẹ́yìn 40 ọdún. Bí a bá ń na ìwé síwájú kí a tó lè kà á, tí òwú kò wọ abẹ́rẹ́ mọ́, tí ojú ń ro wá ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ orí ni. Lẹ́ńsì kò rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Gíláàsì ìkàwé ló máa bá a mu, ṣùgbọ́n kí wọ́n ti wo ojú náà ná. Ẹni tó ra gíláàsì lọ́wọ́ oníkiri lè ríran kàwé dáadáa kí glaucoma sì máa jẹ ojú rẹ̀ lábẹ́.

Ojú tó ń yún, tó ń ta, tó dà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Èyí ni tiwa jù lọ. Èéfín ẹja yíyan, eruku, ata lílọ̀, afẹ́fẹ́ òpópónà, gbogbo rẹ̀ ló ń gbẹ omi ojú. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ojú tó gbẹ máa ń da omi: ara ń wá ọ̀nà láti tu ara rẹ̀. Ojú gbígbẹ lè dunni gan-an kí ẹni tó ń wò ó má rí nǹkan kan. Oòrùn àti eruku náà ló ń fa ẹran pẹlẹbẹ tó ń hù láti ẹ̀gbẹ́ funfun ojú wá sí dúdú. Fìlà tó ní etí, gíláàsì òòrùn, àti kí a máa dúró sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá nígbà tí a bá ń yan ẹja, kì í ṣe fáàrí.

Ojú tó ń dunni bí a bá yí i, tí ìríran sì ń dín kù láàárín ọjọ́ díẹ̀, tàbí tí àwọ̀ pupa kò pupa mọ́. Okùn iṣan ojú ló lè máa wú. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló sábà máa ń ṣe. Kí ó tètè lọ.

Ohun kan tó di méjì lójijì, tàbí ìpéǹpéjú kan tó wó lulẹ̀. Èyí kì í ṣe àìsùn. Ilé ìwòsàn ni, kíákíá.

Àpólò ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ojú á pọ́n, á wú, á máa ṣe ipin, ará ilé á sì kó o tán. Orúkọ yẹn ní ìtàn. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú kan nínú àrùn ojú pípọ́n yìí ní orílẹ̀-èdè Ghana, ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, ni àwọn ènìyàn bá fún un lórúkọ ọkọ̀ náà. Kòkòrò àrùn ló fà á, ọwọ́ àti aṣọ ìnujú ló ń gbé e kiri, kì í ṣe wíwo ojú ẹni tó ní i. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kí a máa fọwọ́, kí a má pín aṣọ ìnujú lò. Àmọ́ Àpólò kì í mú ìríran lọ. Ojú pípọ́n tó bá ti dín ìríran kù, tàbí tó ń dunni kọjá kó máa ta, kì í ṣe Àpólò. Àwọn àgbà ní ojú kì í pọ́n títí kó ṣẹ̀jẹ̀. Òwe ni, ọ̀rọ̀ ìfaradà ni wọ́n fi ń sọ. Ẹ má fi tọ́jú ojú.

BÍ DÓKÍTÀ BÁ NÍ ÒUN KÒ RÍ NǸKAN

Àwọn kan nínú wa ti lọ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní ojú wọn dára, ìrora náà kò sì lọ. Ibẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń wọlé. Ará ilé á ní ó ń ṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí orogún, á fura sí ẹni tí wọ́n jọ ń tajà.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ló bá imú. Ìrora tí a ń gbọ́ nínú ojú lè ti inú ihò egungun ẹ̀gbẹ́ imú wá, ó lè ti inú eyín wá, ó lè ti ọrùn tí a fi ń ru ẹrù wá, túúlu sì lè gbé e wá. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń rí ohun wẹ́wẹ́ tó ń jó lójú wọn ní gbogbo ìgbà, bíi tẹlifíṣọ̀n tí kò mú ilé iṣẹ́ kankan. Ojú wọn dára, ọpọlọ wọn ló ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́nà mìíràn, àwọn dókítà sì ti gbà pé ó wà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ojú dára, kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni a ń pa. Ó túmọ̀ sí pé a ti mú ojú kúrò nínú ohun tó lè fà á, ìbéèrè tó kù ni pé: ta ló kàn kí a rí? Ẹ bi dókítà náà bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó lè jẹ́ dókítà ọpọlọ, ti imú àti ọ̀fun, tàbí ti eyín.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ KAN OJÚ

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ọmú ìyá ọlọ́mọ, ìtọ̀, omi ewé, omi ṣúgà: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kán sójú wa rí. Kòkòrò àrùn wà nínú wọn, òmíràn ń jó fèrèsé ojú, egbò á débẹ̀, bí egbò náà bá sì jinná á fi àpá funfun sílẹ̀. Àpá yẹn ló ń dí ìríran.

Èkejì ni oògùn tí a ń kán sójú tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ fún wa. Àwọn kan ní irú èròjà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ dexamethasone tàbí betamethasone. Ó máa ń mú kí ojú pípọ́n mọ́ kíákíá, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá lò ó pẹ́ láì sí dókítà níbẹ̀, ó lè gbé agbára omi inú ojú sókè, ó sì lè jẹ́ kí lẹ́ńsì ṣú. Ẹ ka ara páálí; bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ fún ọmọ yín kà.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń kiri tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì tó ti ṣú sẹ́yìn sínú ojú. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún lè ríran díẹ̀ lọ́jọ́ náà, á fún wọn lówó, wọ́n á sì ti kúrò nílùú kí ojú tó bàjẹ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 láàárín àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè, nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ cataract fún, ó ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi tì í. Ìwádìí kan náà fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà, bíi 4 ló ti fọ́jú; cataract ló ṣáájú ohun tó fà á, glaucoma ló tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú rẹ̀, bíi 84 nínú 100, ni wọ́n ní a lè dènà tàbí wò sàn. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

BÍ NǸKAN BÁ TA SÓJÚ

Ẹ̀yin aláàdìrẹ àti ẹ̀yin tó ń ṣe ọṣẹ, ẹ gbọ́ o. Bí sódà, bílíìsì, sìmẹ́ńtì tàbí omi bátìrì bá ta sójú, ẹ má wá òróró, ẹ má sáré lọ ilé ìwòsàn kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Omi tó mọ́ ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ la ojú náà, ẹ máa da omi sí i fún ó kéré tán 15 sí 30 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa sáré lọ. Sódà burú ju omi bátìrì lọ, nítorí kì í dúró lójú kan, ṣe ni ó ń wọnú lọ. Kí jálá omi kan wà ní ìsọ̀ nígbà gbogbo.

BÍ A ṢE Ń WÁ ÌDÁHÙN

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń dé iwájú dókítà tí a kàn máa sọ pé “ojú ń dùn mí.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò tó. Kí a tó lọ, kí a kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, tàbí kí a fún ọmọ kọ: Ojú wo ni, ọ̀kan tàbí méjèèjì? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Àárọ̀ ni tàbí alẹ́? Ó ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú mélòó? Kí ni a ń rí: òṣùmàrè, mànàmáná, aṣọ dúdú, ìlà kọ́rọkọ̀rọ? Ṣé orí ń fọ́, ṣé inú ń ru? Kí ló ń mú un wá, kí ló ń lé e lọ? Kí gbogbo oògùn tí a ti lò wà nínú báàgì, títí kan àgbo àti oògùn kàtá, kí a má fi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí oògùn glaucoma kan wà tó lè dí i ní mímí.

Kí a mọ ẹni tí a ń lọ bá. Ẹni tó ń ta gíláàsì kì í ṣe dókítà. Optometrist máa ń yẹ ìríran wò, á kọ gíláàsì, á sì tọ́ka ẹni tó bá yẹ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ojú ló ń tọ́jú àìsàn, tó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ti Ilé-Ifẹ̀ àti ti Ìlọrin ní ẹ̀ka ojú.

Bí a bá débẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni kí a retí, kí a sì béèrè bí wọn kò bá ṣe é. Kí wọ́n ní kí a ka lẹ́tà ara ògiri, ojú kan lẹ́yìn ìkejì. Kí wọ́n wọn agbára omi inú ojú. Kí wọ́n fi iná wo ẹ̀yìn ojú. Láti ọdún 1851 tí ará Jámánì kan, Hermann von Helmholtz, ti ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ojú ẹni tó wà láàyè ni dókítà ti lè rí okùn iṣan yẹn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá kán oògùn tó ń la ọmọlójú, ojú á ṣe bàìbàì fún wákàtí díẹ̀. Kí ẹnì kan tẹ̀ lé wa, kí a má gun ọ̀kadà padà ní àwa nìkan.

Bí ó bá jẹ́ glaucoma, oògùn rẹ̀ dà bí ti ẹ̀jẹ̀ ríru: ojoojúmọ́ ni. Kì í mú ojú mọ́ sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pa á tì. Ó ń ṣọ́ èyí tó kù ni. Kí a sì sọ fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí a jọ bí àti àwọn ọmọ wa, nítorí ó máa ń rìn nínú ìdílé.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, kí olúkúlùkù jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ó wo pátákó tó wà ní ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà, kí ó bo ìkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé ojú kan ti lọ fún ọdún kan kí wọ́n tó mọ̀, torí pé ìkejì ń bò ó láṣìírí.

Ní àkótán, èyí tí kò lè dúró di ọ̀la nìwọ̀nyí: ojú tó ń dunni tó sì pọ́n, tí ìríran dín kù, òṣùmàrè tó bá ìrora rìn, ojú tó ṣú lójijì, bó tilẹ̀ tún là, aṣọ dúdú tàbí mànàmáná lójú, ohun kan tó di méjì lójijì, ohun tó ń jóni tó ta sójú. Bí ó bá jẹ́ òru, kí a lọ lóru. Bí wọ́n bá ń tọ́jú inú wa tó ń bì, kí a sọ pé ojú ló bẹ̀rẹ̀.

A bẹ àwọn ìyá ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò lè kà á. Bí ẹnì kejì rẹ bá ń ta ayédèrú owó mọ́ra, bí ó bá ń ṣi òṣùwọ̀n, má tíì bínú sí i. Bi í léèrè ojú rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sí ìsọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ka owó lálẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ fún yín pé kí ẹ má dúró títí bí òun ti dúró.

Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ojú wa kò ní fọ́, ọjà wa kò ní bàjẹ́ o. Àṣẹ.